Sóyà, ẹ̀pà, òwú, ọkà bàbà tàbí ẹ̀gẹ́: oró èwo ni ọwọ́ yín ká nínú oúnjẹ adìẹ?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun kò léyín; ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń gbé mì ni? Adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Òun lè fi ẹnu kan nǹkan, kí ó tu ú sílẹ̀, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Adìẹ tí a há mọ́lé kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí a bá dà sínú ọpọ́n rẹ̀ ni yóò jẹ, ìbáà dùn, ìbáà korò.

Láti ìgbà tí owó oúnjẹ adìẹ inú àpò ti ń lọ sókè, ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí à ń sin adìẹ ní Kuje, ní Gwagwalada, ní Kubwa, títí dé Kàdúná àti Zaria, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ohun èlò fúnra wa, tí a sì ń kó wọn lọ sí ilé ìlọ̀ kí wọ́n bá wa pò wọ́n pọ̀. Ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, nínú àwọn ohun èlò tí ó ti ara igi àti ewéko wá, èwo ni kí á yàn? Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí kò ní oró tirẹ̀. Òmíràn bí i mọ́ ara rẹ̀ láti inú oko. Òmíràn sì kó o nínú àká tàbí nínú àpò.

Ohun mẹ́rin ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ohun tí a lè fi mú oró náà kúrò: ṣé iná ni, ṣé oòrùn àti omi ni, ṣé oògùn ni, àbí kò sí ohun tí ó ń mú un kúrò rárá. Èkejì ni iye owó rẹ̀, èyí tí kò yẹ kí á máa kà sí orí àpò bí kò ṣe sí orí èròjà amúaradàgbà tí ó wà nínú àpò náà. Ẹ̀kẹta ni pé kí á lè gbẹ́kẹ̀ lé e, kí àpò tí a rà lónìí má yàtọ̀ sí èyí tí a rà lóṣù tó kọjá. Ẹ̀kẹrin ni irú ẹyẹ tí a fẹ́ bọ́ àti ọjọ́ orí rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èmi máa ń gbé àkọ́kọ́ síwájú, nítorí mo ti rí i pé oúnjẹ tí kò wọ́n, tí a kò sì lágbára lórí oró rẹ̀, òun gan-an ló ń náni lówó jù.

Sóyà: oró tí iná ń pa

Ẹ̀wà sóyà tútù ní èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní trypsin inhibitor. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń dí èyí tí ara adìẹ fi ń fọ́ amúaradàgbà lọ́wọ́. Adìẹ yóò jẹun yó, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kò ní dé ara rẹ̀. Ẹ̀yà ara tẹ́ẹ́rẹ́ funfun tó wà níbi tí ìfun ti ṣẹ́ po, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas, yóò máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó títí yóò fi wú. Bí ẹ bá pa adìẹ kan nínú agbo tí kò dàgbà, tí ẹ sì rí i pé ẹ̀yà yìí tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ kọ́kọ́ fura sí sóyà yín kí ẹ tó fura sí ẹni tó ta òròmọdìẹ fún yín.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1917 ni Osborne àti Mendel ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé eku tí wọ́n fi sóyà tútù bọ́ kò dàgbà dáadáa, àti pé nígbà tí wọ́n se é ni ó tó ṣe wọ́n láǹfààní. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn sóyà nìyẹn: iná lásán ni oògùn rẹ̀. Ẹ lè sè é fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí omi bá ti hó, kí ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ sì lè yan án nínú agbada, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́dúró. Bí ẹ bá fi eyín gé ẹyọ kan tí ó ṣì ń rùn bí ẹ̀wà tútù, kò tíì jinná. Ṣùgbọ́n ẹ má sun ún di dúdú, nítorí iná tó pọ̀ jù máa ń ba lysine rẹ̀ jẹ́. Lysine jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ègé tó para pọ̀ di amúaradàgbà, ó sì wà lára ohun tí à ń torí rẹ̀ ra sóyà.

Ní ti èyí tí ilé iṣẹ́ ti fún òróró rẹ̀ kúrò, tí a mọ̀ sí mílì sóyà, amúaradàgbà inú rẹ̀ máa ń wà láàárín ìdá 44 sí 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní urease ni láàbù fi ń mọ̀ bóyá iná tó o: bí ìyípadà pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan sí, bá wà láàárín 0.05 sí 0.20, ó dára. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tútù ló ṣì wà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sun ún jù. Sóyà ló sábà máa ń wọ́n jù lójú ọjà. Síbẹ̀, àwọn tó ń gbìn ín ní Benue àti Kàdúná kò jìnnà sí wa ní Abuja, ẹni tó bá sì ní àyè láti ra ẹyọ rẹ̀ nígbà ìkórè, kí ó tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbẹ, kí ó máa yan án díẹ̀díẹ̀, yóò rí i pé iye náà kò ga tó bí ó ṣe rò.

Kéèkì ẹ̀pà: oró tí kò sí iná tó ń pa á

Bí a bá ní kí á máa fi iye àpò díwọ̀n, kò sí ohun tó tún wù wá ní Àríwá ju ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ lọ. Ó wà káàkiri, láti ọjà Dawanau ní Kano títí dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń ṣe kúlíkúlí ní ìpínlẹ̀ Niger. Amúaradàgbà inú rẹ̀ sì lè tó ti sóyà. Adìẹ fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn kò ṣeé jiyàn.

Wàhálà rẹ̀ ni aflatoxin. Ẹ̀pà kọ́ ló ni oró yìí. Olú tín-ín-tín kan tó ń jẹ́ Aspergillus flavus, pẹ̀lú ọmọ ìyá rẹ̀ Aspergillus parasiticus, ló ń ṣe é nígbà tí ẹ̀pà bá bu. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ilẹ̀, bí ọ̀dá bá mú ní ìparí òjò nígbà tí ẹ̀pà ń gbó lọ́wọ́; ó sì lè wọlé lẹ́yìn ìkórè, bí wọ́n bá kó ẹ̀pà tí kò gbẹ sínú àpò. Ẹ̀pà tó rún, tó fọ́, tí kòkòrò ti jẹ, ni ó máa ń kó o jù. Ẹ wá ronú sí i: ẹ̀pà tí ẹni tó ń tà fún jíjẹ bá ṣà sẹ́yìn nítorí kò dára lójú, níbo ló ń lọ? Ilé ìfúnróró ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń lọ. Nígbà tí wọ́n bá sì fún un, òróró a bọ́ sínú garawa, èyí tó pọ̀ jù nínú oró a sì dúró sínú kéèkì.

Ọ̀nà tí ayé gbà mọ orúkọ oró yìí gan-an, nínú ẹ̀pà àti ẹyẹ ni. Ní ọdún 1960, tòlótòló tó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀. Wọn kò mọ àrùn náà, wọ́n kàn ń pè é ní àrùn X. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti Brazil ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì fa orúkọ aflatoxin yọ láti ara orúkọ olú náà. Títí di òní, pẹ́pẹ́yẹ àti tòlótòló ni oró yìí tètè máa ń pa jù. Adìẹ máa ń rọ́jú díẹ̀ jù wọ́n lọ.

Rírọ́jú tí adìẹ ń rọ́jú yẹn ló ń tan wá. Oró náà lè má pa á, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò wú, yóò sì funfun tàbí kí ó pọ́n bí ìyeyè. Ẹyin yóò dín. Ohun tó wá burú jù ni pé ó ń sọ agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn di aláìlera, tí àjẹsára Newcastle àti Gumboro tí ẹ fún wọn kò fi ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Olóko yóò máa bínú sí ẹni tó ta àjẹsára, nígbà tó jẹ́ pé inú àpò oúnjẹ ni ọ̀tá wà.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun ti yan kéèkì náà, nítorí náà kò sí oró nínú rẹ̀ mọ́, kò mọ ohun tó ń sọ. Iná lè dín in kù díẹ̀, kò lè mú un kúrò. Pípò ó mọ́ èyí tó dára kò sọ ọ́ di rere, ó kàn ń pín in kiri ni. Ohun tó kù fún wa ni pé kí á gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí á sì fi amọ̀ bentonite tàbí irú rẹ̀ tó ń fa aflatoxin mọ́ra nínú ìfun sínú oúnjẹ. Ní Yúróòpù, ohun èlò oúnjẹ ẹran kò gbọdọ̀ ní ju máíkírógíráàmù 20 aflatoxin B1 lọ nínú kílò kan. Ìwọ̀n yẹn kéré débi pé ojú kò lè rí i, imú kò sì lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Kéèkì tó mọ́ lójú lè ní i, nítorí olú lè ti kú kí oró rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù ni ti oko: àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, èyí tí àgbẹ̀ máa ń fọ́n sí oko ẹ̀pà àti àgbàdo ní kílò 10 sí hẹ́kítà kan, kí olú tí kò ní oró lè gba àyè lọ́wọ́ olú olóró. Bí ẹ bá mọ àgbẹ̀ tó lò ó, ẹ ra ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bí ó bá gbówó lé e díẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe oró, ṣùgbọ́n tó kan owó: lysine inú sóyà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti inú ẹ̀pà. Ẹni tó bá fi ẹ̀pà rọ́pò sóyà ní kílò fún kílò, láìra lysine àti methionine, tí òun náà jẹ́ ègé amúaradàgbà, kún un, kò fowó pamọ́ rárá.

Kéèkì kóró òwú: oró tó ń fi ara hàn nínú ẹyin

Funtua, Gusau àti Gombe ni ibi tí òwú ti pọ̀, kéèkì kóró rẹ̀ sì máa ń wá sí ọjà wa ní owó tó rọjú. Èyí fúnra rẹ̀ ní oró tirẹ̀, gossypol lorúkọ rẹ̀, inú kóró náà ló ń gbé. Màlúù àti àgùntàn tó ti dàgbà lè jẹ ẹ́ láìsí wàhálà púpọ̀, nítorí àpòlúkù wọn ní ọ̀nà tó ń gbà so oró náà mọ́lẹ̀. Adìẹ kò ní irú àpòlúkù bẹ́ẹ̀.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Ní ọdún kan tí sóyà wọ́n gan-an, ilé ìlọ̀ tí mo ń lò fi kéèkì òwú rọ́pò díẹ̀ nínú sóyà mi, wọn kò sì sọ fún mi. Adìẹ kan kò kú. Iye ẹyin kò dín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá kan tó ń din ẹyin tà ní Lugbe gbé kíréètì mẹ́ta padà wá. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ wá fọ́ ọ̀kan wò fúnra yín." Mo fọ́ ọ. Pupa ẹyin náà ti di àwọ̀ ewé tó ṣú, bí omi ẹ̀fọ́ àná. Nígbà tí ẹyin jáde lára adìẹ, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ni gossypol ń bá irin inú pupa ẹyin so pọ̀, tí àwọ̀ náà ń yí. Ìyá náà kò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò rajà lọ́wọ́ mi mọ́.

Oògùn wà fún un, irin sì ni. Ó dà bí ẹni pé àwọn àgbà tó fi irin ṣẹ̀fẹ̀ nínú òwe yẹn kò mọ̀ pé adìẹ náà yóò gbé e mì lọ́jọ́ kan. Ferrous sulphate ni wọ́n ń lò: ìwọ̀n irin kan fún ìwọ̀n kan náà gossypol tí kò tíì so mọ́ nǹkan, fún adìẹ tí a ń sìn fún ẹran. Irin inú ferrous sulphate tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Bí kéèkì náà bá fi mílígíráàmù 100 gossypol kún kílò oúnjẹ kan, a ó fi mílígíráàmù 500 ferrous sulphate sí i, èyí tí í ṣe ààbọ̀ kílò fún tọ́ọ̀nù kan. Fún adìẹ ẹlẹ́yin, irin náà lè ní láti tó ìlọ́po mẹ́rin kí pupa ẹyin tó wà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe ìṣirò yìí, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye gossypol tó wà nínú àpò náà, iye yẹn sì ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi fún òróró bá ṣe rí. Ọ̀rá kan tún wà nínú kóró òwú tó máa ń sọ funfun ẹyin di pupa rẹ́súrẹ́sú, irin kò sì rí nǹkan kan ṣe sí ìyẹn. Nítorí ìdí yìí, èmi kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi í bọ́ adìẹ ẹlẹ́yin, bó ti wù kó rọjú tó.

Àwọn tó ń du ipò àgbàdo

Ọkà bàbà àti ẹ̀gẹ́ kì í ṣe orísun amúaradàgbà. Ipò àgbàdo ni wọ́n fẹ́ gbà. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé àgbàdo fúnra rẹ̀ lè ní aflatoxin bí ẹ̀pà, pàápàá èyí tí òjò pa lẹ́yìn ìkórè.

Oró ọkà bàbà ni tannin, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo bàbà ló ní i. Àwọn àgbẹ̀ kan mọ̀ọ́mọ̀ gbin irú tó korò nítorí pé àwọn ẹyẹ oko tó máa ń ya bo ọkà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí ẹyẹ oko kọ̀ ni àwa wá ń gbé fún ẹyẹ ilé. Tannin máa ń so mọ́ amúaradàgbà, kò ní jẹ́ kí ó wúlò, ó sì lè mú kí ẹsẹ̀ òròmọdìẹ wọ́. Ẹ má fi àwọ̀ èèpo nìkan ṣe ìdájọ́, nítorí bàbà pupa mìíràn kò ní tannin rárá. Ẹ da bílíìṣì tí ẹ ti yọ́ kọ́sítíìkì sódà díẹ̀ sí lé nǹkan bí 100 ẹyọ lórí, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ ṣàn án: ẹyọ tó bá di dúdú kirikiri ló ní tannin, èyí tó bá funfun kò ní. Bí púpọ̀ bá dúdú, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń pọn burukutu. Bàbà tí kò ní tannin fẹ́rẹ̀ẹ́ dára tó àgbàdo, àfi pé pupa ẹyin kò ní pọ́n dáadáa, àwọn oníbàárà kan kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ̀gẹ́, cyanide ni oró rẹ̀, èèpo sì ní i ju ara rẹ̀ lọ. Èèpo yìí ni àwọn tó ń ṣe gààrí ní Kogi àti Benue máa ń fi ṣòfò, tí a sì ń rí rà ní pọ́ọ́kú. Rírin, fífún àti sísá máa ń lé cyanide náà lọ. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo tútù, tí a fún omi rẹ̀, tí a sì sá a ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan dípò ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ìyára yẹn ṣe pàtàkì. Ní Abuja, láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá tí òjò ń rọ̀, èèpo tí a sá sí ẹ̀bá títì lè bu kí ó tó gbẹ, a ó sì ti fi oró olú rọ́pò oró ẹ̀gẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú cyanide, ara adìẹ ń lo methionine láti fi borí rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá lo ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ fi methionine kún oúnjẹ.

Àwọn kan wà tí kò sí ìfiwéra nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kóró lárà àti kóró làpálàpá, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní bini da zugu, kò gbọdọ̀ wọ oúnjẹ adìẹ, kéèkì wọn pẹ̀lú. Bákan náà, ẹ máa fẹ́ sóyà àti bàbà yín kí ẹ tó lọ̀ wọ́n, nítorí kóró rẹ̀rẹ́ àti ti gegemu máa ń bá wọn wá láti oko. Rẹ̀rẹ́ ń ba iṣan ẹran ara adìẹ jẹ́ títí kò fi ní lè dìde.

Ta ni kí ó yan èwo

Ẹni tó ní adìẹ ẹlẹ́yin, ìbáà jẹ́ 50, ìbáà jẹ́ 5,000, sóyà tí iná tó ni kí ó gbára lé, pẹ̀lú àgbàdo tó gbẹ tàbí bàbà tó ti yege nínú bílíìṣì. Kí ó má fi kéèkì òwú sí i, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ilé ìlọ̀ rẹ̀ ní ojúkojú ohun tí wọ́n fi pò ó.

Ẹni tó ń sin búrọ́ílà lè lo kéèkì ẹ̀pà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ó má ju ìdajì amúaradàgbà lọ, kí bentonite sì wà níbẹ̀. Òròmọdìẹ kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Bí ó bá ń gbé nítòsí Funtua tàbí Gombe, tí ó sì ní ìwé àyẹ̀wò gossypol lọ́wọ́, kéèkì òwú díẹ̀ pẹ̀lú ferrous sulphate lè dín owó rẹ̀ kù. Bí kò bá ní ìwé náà, kí ó tà á fún ẹni tó ń sin màlúù.

Èèpo ẹ̀gẹ́ yẹ fún ẹni tó mọ àwọn onígààrí dáadáa, tó sì lè sá a ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, kí ó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ náà lọ. Ẹni tó ń sin tòlótòló tàbí pẹ́pẹ́yẹ fún ọdún Kérésìmesì kò ní ohun tó ń bá kéèkì ẹ̀pà ṣe, àfi bí láàbù bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ bá sì rí i pé kéèkì ẹ̀pà yín ti bu, ẹ má fún Fulani tó wà lẹ́yìn oko yín kí ó fi bọ́ màlúù. Aflatoxin máa ń bá wàrà màlúù jáde, nono tí àwọn ọmọ yín ń fi fura mu sì lè jẹ́ ti màlúù yẹn. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sin ín.